Ọjọ́ 27 Oṣù Kẹrin: Ọjọ́ Kan Tí Ìtàn Mẹ́fà Ti Pàdé

Bí oṣù kẹrin bá ti pé ọjọ́ 27, àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba ní Lomé a wà ní títì, àsíá a sì gba ìgboro kan. Ọjọ́ òmìnira Tógò ni. Lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n ń ṣe ọdún òmìnira ní Freetown, olú-ìlú Sàró. Lọ́jọ́ náà gan-an, ìsinmi ni ní Gúúsù Áfíríkà, nítorí wọ́n ń rántí ìbò àkọ́kọ́ tí aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun jọ dì. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta, ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí a bá sì wo ẹ̀yìn, a ó rí i pé ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ni ìjọba Faransé fọwọ́ sí ìwé tó fòpin sí oko ẹrú ní 1848, ọjọ́ yìí náà ni Tógò dìbò tó la ọ̀nà òmìnira ní 1958, ọjọ́ yìí náà sì ni Kwame Nkrumah kú ní 1972.

Ẹni tó bá gbọ́ gbogbo èyí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lè sọ pé ọjọ́ náà ní nǹkan nínú. Ẹlòmíràn á ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, pé ọjọ́ inú ọdún kò ju 365 lọ, ìṣẹ̀lẹ̀ ayé sì pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ kíkọ ìtàn àwọn ọmọ Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Àjàṣẹ́ àti àwọn Ifẹ̀ ilẹ̀ Tógò sílẹ̀, ìbéèrè mìíràn ló jẹ wá lógún: ta ló yan ọjọ́ náà? Nínú ìtàn mẹ́fà yìí, ó ní èyí tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ so pọ̀, ó sì ní èyí tó kàn pàdé bí èrò méjì ṣe ń pàdé lójú ọ̀nà oko. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ láàrin méjèèjì, ìtàn á máa ṣì í lọ́nà.

Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ní Paris, 1848

Ní oṣù kejì ọdún 1848, àwọn ará Paris dìde, ọba Louis-Philippe kúrò lórí oyè, Faransé sì di orílẹ̀-èdè tí kò ní ọba lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀kan nínú àwọn tó wọ ìjọba tuntun náà ni Victor Schoelcher, ẹni tó ti ń fi ìwé kíkọ bá oko ẹrú jà láti ọdún púpọ̀ wá. Òun ló darí ìgbìmọ̀ tó ṣètò òfin náà, wọ́n sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Faransé ti fòpin sí oko ẹrú rí ní 1794, ṣùgbọ́n Napoléon dá a padà ní 1802. Ti 1848 ni kò yí padà mọ́. Nǹkan bí 250,000 ènìyàn ni ó sọ di ọmọ ara wọn ní Martinique, Guadeloupe, Guyane, Réunion àti àwọn ilẹ̀ mìíràn tó wà lábẹ́ Faransé.

Ṣùgbọ́n ìwé àti ẹsẹ̀ kì í rìn pọ̀. Òfin náà sọ pé ó dìgbà tí oṣù méjì bá kọjá lẹ́yìn tí wọ́n bá kéde rẹ̀ ní ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí ó tó múlẹ̀. Àwọn ẹrú Martinique kò dúró de ọkọ̀ tó ń gbé ìwé bọ̀. Wọ́n dìde ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún, nígbà tó sì di ọjọ́ kejì, gómìnà fúnra rẹ̀ kéde pé oko ẹrú ti parí. Ní Guadeloupe, ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ni. Ní Réunion, ọjọ́ 20 oṣù kejìlá ni. Títí di òní, ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ dé ilé wọn ni erékùṣù kọ̀ọ̀kan fi ń ṣe ọdún, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n tẹ ìwé ní Paris. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ló yan ọjọ́ tiwọn.

Ní etíkun tiwa ńkọ́? Ní ọdún yẹn, Gezo ló wà lórí oyè ní Dànhọmẹ̀, wọ́n sì ń ta ènìyàn lọ́wọ́. Ọkọ̀ ṣì ń kó àwọn ènìyàn wa lọ sí Brazil, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Nàgó, àti sí Cuba, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Lukumí. Ìwé Paris kò kan Brazil, kò kan Cuba, kò sì kan ogun tó ń jà nílẹ̀ Yorùbá. Ọdún 1886 ni oko ẹrú tó parí ní Cuba. Ọdún 1886 yẹn náà ni ogun Dànhọmẹ̀ fọ́ ìlú Kétu, tí wọ́n kó àwọn ọmọ Kétu lọ sí Abomey. Ọdún tí àwọn Lukumí bọ́ nínú ìdè ni àwọn ará ilé wọn wọ ìdè. Kí á rántí èyí nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá ní ọjọ́ báyìí ni òmìnira dé. Ilé ta ni ó dé?

Ìbò Tógò, 1958

Tógò ti wà lábẹ́ Jámánì láti 1884. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín in. Apá ti Gẹ̀ẹ́sì dìbò ní 1956 láti bá ilẹ̀ tó di Gánà lọ. Apá ti Faransé, níbi tí àwọn Ifẹ̀ Atakpamé wà (àwọn tí aládùúgbò ń pè ní Ana), àti àwọn Nàgó Kambolé, ní ìjọba abẹ́lé tirẹ̀ láti ọdún 1956 náà, Nicolas Grunitzky sì ni olórí ìjọba náà. Atakpamé ni wọ́n bí Grunitzky ní 1913. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìlú náà, bàbá rẹ̀ sì wá láti Jámánì.

Ẹni tó dojú kọ ọ́ ni Sylvanus Olympio, ọmọ ìdílé Àgùdà tó ti Brazil wá sí etíkun wa. Àna ni àwọn méjèèjì: ìdílé Grunitzky ni aya Olympio ti wá. Grunitzky fẹ́ kí Tógò ṣì máa bá Faransé rìn, Olympio ń fẹ́ òmìnira pátápátá. Nítorí pé ọwọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan àwọn Orílẹ̀-èdè ni wọ́n fi Tógò sí, Àjọ náà rán àwọn alábòójútó wá wo ìbò. Olórí wọn ni Max Dorsinville, ọmọ Haiti.

Ẹ jẹ́ kí á dúró níbí díẹ̀. Haiti ni ilẹ̀ tí àwọn ẹrú ti fi ọwọ́ ara wọn gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé ní 1804. Nínú ẹ̀sìn àwọn ará Haiti, àwọn òrìṣà kan wà tí wọ́n ń pè ní Nago títí di òní, Ògún sì ni aṣáájú wọn. Ọmọ ilẹ̀ yẹn ló wá dúró ti àpótí ìbò ní Tógò, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin 1958, tí ó jẹ́ ọdún 110 gééré tí Faransé fọwọ́ sí ìwé tó fòpin sí oko ẹrú. Ó dà bí ẹni pé ẹnì kan ló tò ó. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ náà, ọjọ́ Àìkú sì ni àwọn Faransé máa ń dìbò. Ìyẹn tó láti ṣàlàyé rẹ̀, a kò ní láti wá ìdí mìíràn kún un. Kí ohun kan wú wa lórí kò sọ pé ẹnì kan ló pète rẹ̀.

Ẹgbẹ́ Olympio ló borí nínú ìbò náà, ó sì di olórí ìjọba. Nígbà tí ó wá kù kí wọ́n mú ọjọ́ òmìnira, ọjọ́ ìrántí ìbò náà ni wọ́n mú: ọjọ́ 27 oṣù kẹrin 1960. Èyí kì í ṣe èèṣì. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé àpótí ìbò ni òmìnira ti jáde, pé kì í ṣe ẹ̀bùn tí ẹnikẹ́ni ta wọ́n lọ́rẹ. Nínú ìtàn mẹ́fà wa, ìbò 1958 àti òmìnira 1960 nìkan ni ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ so pọ̀.

Sàró, 1961

Ọdún kan lẹ́yìn Tógò, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin 1961, Sàró gba òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Milton Margai sì di olórí ìjọba. Ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni wọ́n ti fẹnu kò lórí ọjọ́ yẹn, láàrin àwọn aṣojú Sàró àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ Tógò kò sí níbẹ̀.

Síbẹ̀, òmìnira Sàró kan ìdílé wa. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, ọkọ̀ ogun wọn a máa gba ẹrú lọ́wọ́ àwọn olówò lójú òkun, a sì máa kó wọn lọ sí Freetown. Ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú wọn débi pé àwọn ará ìlú sọ wọ́n ní Akú, nítorí bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn: ẹ kú òwúrọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ewu. Ọ̀kan nínú wọn ni Àjàyí Crowther, tí wọ́n mú ní Òṣogùn ní 1821, tí ó gúnlẹ̀ sí Freetown ní 1822, tí ó sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní 1827. Púpọ̀ nínú ìlànà tí a fi ń kọ èdè wa sílẹ̀ lónìí, ọwọ́ òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ti wá. Títí di òní, egúngún àti ẹgbẹ́ ọdẹ tí àwọn Akú gbé kalẹ̀ ṣì wà ní Freetown. Nígbà tí àsíá tuntun gòkè níbẹ̀ ní 1961, àwọn tí bàbá-bàbá wọn ti ilẹ̀ wa lọ wà lára àwọn tó ń wò ó.

Nkrumah, 1972

Ọjọ́ ayọ̀ Tógò ni ọjọ́ ikú Kwame Nkrumah. Àwọn ológun ti gba ìjọba Gánà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù kejì 1966, ó sì ń gbé ní Conakry lọ́dọ̀ Sékou Touré. Àìsàn gbé e dé Bucharest, níbẹ̀ ló sì ti kú ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin 1972.

Ẹni tó bá mọ ìtàn aládùúgbò méjì yìí á rí i pé ó jọ àlọ́. Nkrumah fẹ́ kí Tógò wọ inú Gánà, Olympio kọ̀ jálẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì le débi tí wọ́n fi ti ẹnubodè mọ́ ara wọn. Nígbà tó yá, ọjọ́ tí Olympio fi ṣe òmìnira ni Nkrumah fi lọ sí ọ̀run. Ṣùgbọ́n àìsàn kì í wo kàlẹ́ńdà. Ẹni tó bá fẹ́ fi irú ìpàdé báyìí ṣe ẹ̀rí, ẹ jẹ́ kó tún wo èyí: ọjọ́ 24 oṣù kejì tí Nkrumah pàdánù oyè ni Louis-Philippe náà kúrò lórí oyè ní Paris ní 1848. Kí ni èyí fẹ́ sọ fún wa? Kò fẹ́ sọ nǹkan kan. Ọjọ́ inú ọdún ni kò tó ìtàn tí ayé ní.

Gúúsù Áfíríkà, 1994

Láti ọjọ́ 26 títí dé ọjọ́ 29 oṣù kẹrin 1994 ni ìbò Gúúsù Áfíríkà fi wáyé, ọjọ́ 27 sì ni ọjọ́ tó tóbi jù níbẹ̀. Ọjọ́ náà ni òfin ìlú tuntun múlẹ̀, ọjọ́ náà sì ni àsíá tuntun gòkè. Àwọn tó dìbò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20,000,000. Nelson Mandela, ọmọ ọdún 75, dìbò fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún, wọ́n búra fún un gẹ́gẹ́ bí ààrẹ. Kò sí okùn tó so ìbò yìí mọ́ ti Tógò, àyàfi pé ọ̀nà kan náà ni méjèèjì gbà: àwọn tí wọ́n ti kà sí ẹni tí kò ní ẹnu ọ̀rọ̀ tò sórí ìlà, wọ́n sì fi ìwé pélébé sọ ohun tí wọ́n fẹ́.

Ṣé wọ́n pàdé lọ́jà?

Gbogbo ìṣirò tí a ti ń ṣe bọ̀ yìí, kàlẹ́ńdà àwọn Òyìnbó ni a fi ṣe é. Àwọn àgbà wa ní ìkà tiwọn. Ọ̀sẹ̀ wọn jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Ifá, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta. Ọjà ìlú sì ń tẹ̀lé e. Ọjà tó ń padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin ni à ń pè ní ọrún, nítorí pé òní wà nínú ìkà. Èyí tó ń padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ ni ìsán, èyí tó ń padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni ìtàdógún. Lójú ìyá àgbà tó ń ná ọjà, ọjọ́ méjì pàdé nígbà tí wọ́n bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà kan náà.

Ẹ jẹ́ kí á wá fi ìkà yìí wo ìtàn mẹ́fà wa. Ọdún tí ọjọ́ rẹ̀ jẹ́ 365 ní ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin 91, ó sì ku ọjọ́ kan. Nítorí náà, lọ́dọọdún, ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ń fi ẹsẹ̀ kan síwájú nínú ọ̀sẹ̀ wa. Ní ọdún tí oṣù kejì bá pé ọjọ́ 29, ẹsẹ̀ méjì ni ó ń fi síwájú.

Láti ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé Paris ní 1848 títí dé ọjọ́ ìbò Tógò ní 1958, ọjọ́ 40,176 ni. Bí a bá fi mẹ́rin pín in, ó jẹ́ 10,044, kò sì ṣẹ́ ku nǹkan kan. Láti ìbò Tógò dé òmìnira Sàró ní 1961, ọjọ́ 1,096 ni. Fi mẹ́rin pín in, ó jẹ́ 274 gééré. Èyí ni pé 1848, 1958 àti 1961 bọ́ sí ọjọ́ ọjà kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n láti ìbò 1958 dé òmìnira Tógò ní 1960, ọjọ́ 731 ni: ọ̀sẹ̀ 182, ó sì ku ọjọ́ mẹ́ta. Wọn kò pàdé lọ́jà. Ikú Nkrumah bọ́ sí ọjọ́ ọjà mìíràn, ìbò Mandela sì bọ́ sí òmíràn tó ṣẹ́ kù.

Ẹ wo bí ó ti rí. Méjì tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ so pọ̀, ìbò àti òmìnira Tógò, ọjà tú wọn ká. Mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò so, ọjà kó wọn jọ. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ọjọ́ ọjà mẹ́rin ló wà, ìtàn wa sì jẹ́ mẹ́fà. Bó ti wù kó rí, àwọn kan gbọ́dọ̀ pàdé. Ọ̀nà tí a bá gbà ka ọjọ́ ló ń sọ èyí tó jọ wà pọ̀. Ohun tó ń fún ìpàdé náà ní ìtumọ̀ ni ènìyàn tó yàn án àti ìdí tó fi yàn án.

Ọjọ́ 13 oṣù kìíní: ọjọ́ tí ọ̀fọ̀ àti ijó pín

Tógò fúnra rẹ̀ ti rí ohun tí yíyan ọjọ́ lè ṣe. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ 13 oṣù kìíní 1963, àwọn ológun pa Olympio ní Lomé, nítòsí ilé aṣojú Amẹ́ríkà. Òun ni ààrẹ àkọ́kọ́ ilẹ̀ náà. Àwọn ológun pe Grunitzky, àna rẹ̀, ọmọ Atakpamé, kó wá gba ipò. Ọdún mẹ́rin gééré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní 1967, Eyadéma gba ìjọba lọ́wọ́ Grunitzky náà. Grunitzky lọ sí àjò, kò sì padà wálé láàyè. Ó kú ní Paris ní 1969.

Láti ìgbà náà, nínú ìjọba Eyadéma, ọjọ́ 13 oṣù kìíní di ọjọ́ ìsinmi, wọ́n sọ ọ́ ní ọjọ́ ìdásílẹ̀ orílẹ̀-èdè, ọmọ ogun a sì máa yan lójú pópó. Ẹ rò ó wò: ọjọ́ tí ìdílé kan ń ṣe ìrántí òkú wọn ni ìlú ń jó. Níbi yìí, ìpàdé ọjọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà mọ́. Ẹni tó bá gba ọjọ́ kan lọ́wọ́ ọ̀fọ̀ tó sì fi ijó sí i, ó ń fẹ́ kí àwọn ọmọ tí a kò tíì bí mọ ọjọ́ náà sí ijó. Bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Ṣùgbọ́n bí agbára bá ti pààrọ̀ ohun tí wọ́n ń rántí lọ́jọ́ kan, àrọ́bá gan-an kò ní rọrùn láti bá.

Bẹ́ẹ̀ ni ìkà ọjà kò tilẹ̀ gbà pé ọjọ́ kan ni méjèèjì. Láti 1963 dé 1967, ọjọ́ 1,461 ni: ọ̀sẹ̀ 365, ó sì ku ọjọ́ kan. Lójú àwọn ìyá tó ń ná ọjà ní Atakpamé, ọjọ́ ikú Olympio àti ọjọ́ ìjọba ológun kò bọ́ sí ọjọ́ kan náà rárá.

Ohun tí èyí kọ́ wa nínú iṣẹ́ wa

Ní Kétu, kì í ṣe oṣù àti ọjọ́ ni wọ́n fi ń tọ́jú ìtàn. Orúkọ àwọn Aláketu ni wọ́n fi ń tò ó, oyè kan sì wà, Bàbá Ẹlẹ́gùn, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ ìtàn àwọn ọba náà lórí, kí ó sì kà á láìṣìṣe. Ìyẹn ni àkọsílẹ̀ kí ìwé tó dé. Àwa tí a fi èdè Faransé kàwé yára máa ń rò pé ohun tí kò ní ọjọ́ lórí kàlẹ́ńdà kò dájú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀nà ìkà tirẹ̀ ni.

Ìkà náà sì wúlò títí di òní. Nínú ìwé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa ní Benin àti Tógò, «né vers» ni akọ̀wé ìjọba kọ síwájú ọdún ìbí wọn, èyí tó túmọ̀ sí «ní nǹkan bí ọdún báyìí». Kò sí ọjọ́, kò sí oṣù. Ṣùgbọ́n bí màmá kan bá ní ìsán ìbò Olympio ni wọ́n bí àbúrò òun, ó ti sọ ọjọ́ fún wa láìmọ̀. Ìsán jẹ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án pẹ̀lú ọjọ́ ìbò gan-an. Bí ìbò bá jẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù kẹrin 1958, ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún, ni wọ́n bí ọmọ náà. Akọ̀wé tí kò mọ̀ pé òní wà nínú ìkà Yorùbá á kọ ọjọ́ 6. Bẹ́ẹ̀ náà ni, bí bàbá kan bá ní ọjọ́ ọjà ìlú òun ni ìbò bọ́ sí, a lè ti ọjọ́ ọjà òní ka mẹ́rin-mẹ́rin padà sẹ́yìn láti yẹ̀ ẹ́ wò, bí ìlú náà kò bá tíì yí ọjọ́ ọjà rẹ̀ padà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ ń lọ gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, ẹ má ṣe kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ oṣù. Ẹ bi wọ́n léèrè pé ọba wo ló wà lórí oyè, kí ni wọ́n ń gbìn tàbí tí wọ́n ń kórè nígbà náà, ọjà ìlú wo ni wọ́n ná lọ́jọ́ náà, àti pé ó tó ọrún mélòó sí ìṣẹ̀lẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ẹ kọ ìdáhùn wọn bí wọ́n ṣe sọ ọ́, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó ṣe ìṣirò tiyín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ sì yára. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 21 nígbà tí Dorsinville dúró ti àpótí ìbò, ọdún 1937 ni wọ́n bí i. Àwọn tó dìbò ní Atakpamé àti ní Kambolé lọ́jọ́ náà kò pọ̀ mọ́ lórí ilẹ̀. Ọjọ́ 27 oṣù kẹrin á máa padà wá lọ́dọọdún, ìjọba á sì máa ṣe ọdún rẹ̀. Ohun tí kò ní padà wá ni ẹnu àwọn tó lè sọ fún wa bí ọjọ́ náà ṣe rí ní ìlú tiwọn, ohun tí wọ́n rò pé àwọn ń dìbò fún, àti ọjà tí wọ́n kọjá lọ́nà kí wọ́n tó dé ibi àpótí.